Mo Fẹ́ Gbọ́ Lílù Ọkàn Ọkọ Mi Lẹ́ẹ̀kan Sí I

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ kí n má baà máa pariwo, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, bí àwọn aládùúgbò mi bá gbọ́ ọ, wọn á ní orí mi ti fẹ́ dàrú. Ọkọ mi ti kú. Ìyẹn kì í ṣe àṣírí, gbogbo àdúgbò wa ní Ilo-Awela ló mọ̀. Èyí tí wọn ò mọ̀ ni pé kì í ṣe ojú rẹ̀ ló ń wù mí í rí. Fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, ó wọ agbádá aláwọ̀ ewé, gbogbo eyín rẹ̀ wà níta, mo sì ń rí i nígbàkígbà tí mo bá gbójú sókè lórí máṣìnnì. Ohun tó ń wù mí ni lílù ọkàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, lílù ọkàn rẹ̀! Kí n gbé etí lé àyà rẹ̀, kí n gbọ́ gbì, gbì, gbì, kí ó wá dákẹ́ díẹ̀, kí ó sì sáré lu méjì papọ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé tó sáré padà lọ mú un. Bí ọkàn ọkọ tèmi ṣe ń lù nìyẹn. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ mọ bí ọkàn ẹni tó ń sùn tì yín ṣe ń lù? Ṣé ẹ tiẹ̀ ti gbọ́ ọ rí?

Aránṣọ ni mí, aṣọ akọrin ni mo sì ń rán jù. Tí ẹ bá mọ Ọ̀tà dáadáa, ẹ ó mọ̀ pé iṣẹ́ kì í tán lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ aṣọ akọrin rán níbí. Nígbà tí èmi àti Bàbá Tóbi kọ́kọ́ dé láti Ìkirè, ibi tí ẹ ti ń rí àwọn gbọ̀ngàn ìjọsìn ńláńlá yìí, igbó ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì dé, yunifásítì tẹ̀ lé ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ayé sì tẹ̀ lé yunifásítì. Èmi ń rán aṣọ, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Sàǹgó tí wọ́n ti ń ṣe ike, níbi ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike gan-an. Iṣẹ́ ṣíìfù ni. Bó bá dé ilé, ariwo ẹ̀rọ á ṣì wà létí rẹ̀, á máa bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pe èèyàn ní òdìkejì títì. Mo máa ń ní, “Bàbá Tóbi, èmi kọ́ ni mo wà nínú ẹ̀rọ o, iwájú yín ni mo wà.” Á rẹ́rìn-ín, á na ara rẹ̀ sórí ẹní, èmi náà á sì gbé orí lé àyà rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ pé ọkàn rẹ̀ ń fò. Mo ní àyà rẹ̀ ń ṣe bíi máṣìnnì mi nígbà tí bẹ́líìtì rẹ̀ bá ti rọ̀. Ó ní kí n bá òun fún un nígbà náà. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́! Bí mo bá mọ̀ ni, ǹ bá ti wọ́ ọ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ta ló mọ̀? Ọ̀dọ́ ni wá, ara rẹ̀ le bí igi, ọkàn tó ń fò yẹn sì ni mo fi ń sùn bí ọmọ tí wọ́n ń rẹ̀ lẹ́kún.

Àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ bí eré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ó ní bàtà ilé iṣẹ́ ló fún òun. Nígbà tó yá, kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa láìdúró mí láàárín. Mo ní ká lọ sí ọsibítù, ó ní ọ̀gá òun ò ní fún òun láyè. Ìgbà tó wá di pé kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́, tó jẹ́ pé ńṣe ló ń jókòó sùn bí ẹni tó wọ mọ́tò Ìlọrin, mi ò tún bi í léèrè. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo gbé e lọ. Dókítà gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé e láyà, ó gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́, ó wá wò mí, ó ní, “Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé ọkàn ọkọ yín máa ń fò?” Mo ní mo mọ̀ sà, ó ti ń fò kí n tó bí Tóbi. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ọkàn náà ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ti rẹ̀ ẹ́, àwọn ó dá ọkọ mi dúró sí ọsibítù.

Ọsibítù ńlá kan níbí l'Ọ̀tà ni, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, wọn ò ṣẹ̀ mí. Àmọ́ nínú wọ́ọ̀dù yẹn, aláìsàn pọ̀, nọ́ọ̀sì kò tó nǹkan. Láàárọ̀, nọ́ọ̀sì á wá, á wọn ìfúnpá, á wo bí ara ṣe gbóná sí, á di ọrùn ọwọ́ mú láti ka bí ọkàn ṣe ń lù, á wo bó ṣe ń mí, á kọ ọ́, á lọ sí bẹ́ẹ̀dì tó kàn. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí ó tó tún yí kàn yín. Kí wá ni ara aláìsàn ń ṣe láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́? Ọlọ́run nìkan ló mọ̀! Ohun tó gbé àwọn ará yunifásítì kan wá síbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀rọ tí yóò máa ṣọ́ aláìsàn nígbà tí nọ́ọ̀sì bá wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin kan tí mo lè bí ló máa ń wá sí wọ́ọ̀dù wa, Dámilọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ó ń kàwé gboyè dókítà, kì í ṣe ti oògùn o, ti ẹ̀rọ. Mo ń pè é ní Àǹtí Dókítà, ó ní kí n yé pe òun bẹ́ẹ̀, mi ò yé.

Ẹ̀rọ náà kò ju ohun pẹlẹbẹ kan lọ, tó ń lẹ̀ mọ́ àyà bíi pílásítà. Ó ní nǹkan kan nínú tó ń gbọ́ lílù ọkàn, ó ń mọ bí èèyàn ṣe ń mí àti bí ara ṣe gbóná sí, gbogbo rẹ̀ á sì máa yọ lórí fóònù fẹ̀ǹfẹ̀ kan tó dà bíi síléètì lórí tábìlì nọ́ọ̀sì. Bí nǹkan bá ti fẹ́ yíwọ́, á pariwo. Èmi sọ ọ́ lórúkọ, mo ní pílásítà elétí. Dámilọ́lá jókòó tì wá, ó ṣàlàyé fún wa ní Yorùbá, ibi tí Yorùbá bá ti tán lẹ́nu rẹ̀, á fi ọwọ́ júwe. Ó ní bí a bá gbà, àwọn yóò tọ́jú ohun tí pílásítà náà bá gbọ́ sínú kọ̀ǹpútà àwọn, ṣùgbọ́n àwọn yóò yọ orúkọ kúrò lára rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tó ni ín. Bàbá Tóbi ní, “Ẹ yọ orúkọ náà o, ẹ ṣáà fi ọkàn sílẹ̀ fún mi.” Gbogbo bẹ́ẹ̀dì tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Mo bi Dámilọ́lá bóyá ẹ̀rọ náà á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tí a bá ń sọ, nítorí ẹnu èmi kì í gbé jẹ́ẹ́, mo sì máa ń bú àwọn oníbàárà mi tó bá ń yọ mí lẹ́nu. Ó ní rárá, àwọn ti ṣètò rẹ̀ kí ó yọ gbogbo ariwo tó kù dà nù, títí kan ohùn aláìsàn fúnra rẹ̀. Inú mi dùn nígbà yẹn. Ẹ ó rí ìdí tí mo fi ń sọ ọ́.

Bí mo ṣe sọ iyàrá wọ́ọ̀dù di ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Mo máa ń fi ọwọ́ ṣẹ́ etí aṣọ akọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Dámilọ́lá á sì bá mi gbé síléètì rẹ̀ sí ìtòsí, á ṣí ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀. Gbì, gbì, gbì, ó dákẹ́, gbì-gbì. Bàbá Tóbi á ní, “Kí ló ń sọ?” Mo ní ó ń sọ pé kí n fẹ́ ọkùnrin mìíràn. Á ní irọ́ ló ń pa, òun mọ ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn òun. Ẹ ò rí i? Nínú àìsàn yẹn náà là ń fẹ́ra wa bí ọmọdé.

Ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ dé láti Ìkirè. Màmá gbé àpò dòdò Ìkirè dání fún àwọn nọ́ọ̀sì, ó sì gbé ìgò òróró kan dání fún ọmọ rẹ̀. Òróró yẹn, ẹ má fi ṣeré o! Ó ti gbé e lọ síbi àdúrà ńlá ní ọ̀kan nínú àwọn àgọ́ ìjọ tó wà lágbègbè wa, ó na ìgò náà sókè láàárín èrò títí apá fi ro ó, kí wọ́n lè gbàdúrà sí i láti orí pẹpẹ. Láràárọ̀, bó bá ti gbàdúrà tán, á tú bọ́tìnnì ọmọ rẹ̀, á bu òróró sí àtẹ́lẹwọ́, á fi pa á láti ọrùn dé ìdodo. Ibẹ̀ gan-an sì ni pílásítà elétí wà! Pílásítà á yọ̀ bọ̀rọ́, á ṣí, á bọ́ sínú aṣọ ìbora. Lórí síléètì, ìlà tó ń fi lílù ọkàn Bàbá Tóbi hàn á na gbọọrọ, ẹ̀rọ á han gooro, nọ́ọ̀sì á sáré dé, á bá ọkùnrin náà níbi tó jókòó sí tó ń mu ògì. Nọ́ọ̀sì ní, “Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí ọkàn tèmi náà dúró ni?” Dámilọ́lá kúnlẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, iwájú orí ni kẹ́ ẹ fi sí.” Màmá wò ó, ó ní, “Ṣé iwájú orí ló ń dùn ún ni?” Mo fi aṣọ bo ẹnu kí n má baà rẹ́rìn-ín síta.

Ọkọ mi ló parí ìjà náà. Ó ní, “Àǹtí Dókítà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi pa mí lára. Ọmọ wọn ni mí kí n tó di ti ẹ̀rọ yín.” Dámilọ́lá náà gba kámú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá láràárọ̀, á dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú òwú àti sípíríìtì, á máa ṣe àmín bí Màmá ṣe ń gbàdúrà. Bí Màmá bá ti fi òróró pa á tán, tó sì ti jókòó díẹ̀ kí ó wọ̀ ọ́ lára, Dámilọ́lá á rọra nù ún kúrò níbi kékeré tó fẹ́ lò, á lẹ pílásítà tuntun. Ẹ̀rọ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì ti mọ́ra wọn débi pé Màmá ń fi òróró pa Dámilọ́lá náà níwájú orí, ó ní kí ìwé rẹ̀ lè yọrí.

Ṣé kí n sọ ti ọjọ́ náà fún yín? Ọ̀sán ni, oòrùn mú ganrínganrín, pílásítà wà lára rẹ̀, ó lẹ̀ dáadáa. Mo ń ṣẹ́ etí aṣọ. Mo gbọ́ ọ tí lílù náà ń sáré, tó ń fò ju bó ṣe máa ń fò lọ, mo gbójú sókè, ẹ̀rọ pariwo. Wọ́n dé o, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn, dókítà dé, nọ́ọ̀sì dé, wọ́n sì ṣe gbogbo ohun tí èèyàn lè ṣe. Wọ́n ní kí n bọ́ síta. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbọ́ ọ, mò ń gbọ́ ọ, nígbà tó yá mi ò gbọ́ ọ mọ́. Aṣọ akọrin ṣì wà lọ́wọ́ mi, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀.

Dókítà di ọwọ́ Màmá mú, ó ṣàlàyé fún un pé ọkàn náà ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe tàbí tí kò ṣe tó fà á. Màmá kò gbọ́. Ohun tó wà ní etí rẹ̀ ni igbe ẹ̀rọ tó máa ń ké láràárọ̀ nígbà tó bá fi òróró pa ọmọ rẹ̀. Ó ní, “Òróró mi ló ń bo ẹ̀rọ wọn lójú. Èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n ṣọ́ ọmọ mi.” Mo bẹ̀ ẹ́, Dámilọ́lá sunkún, ó bẹ̀ ẹ́, pàbó. A gbé òkú lọ sí Ìkirè, a sin ín, Màmá jókòó síbẹ̀, kò sì tẹ Ọ̀tà mọ́. Àwọn tó ń gbé tì í sọ fún mi pé kò fọwọ́ kan òróró mọ́ láti ọjọ́ náà, kódà bí ọmọ àdúgbò bá ń ṣàìsàn tí wọ́n gbé e wá, á ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí mo bá pè é lórí fóònù, á kí mi, á béèrè Tóbi, á ní ó dàbọ̀.

Èmi náà padà sílé, sínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn! Kì í ṣe pé Ilo-Awela dákẹ́ o. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ilé wa ń lu ìlù, ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá lọ sí ilé iṣẹ́. Etí mi ló dákẹ́. Mo gbé etí lé ìrọ̀rí, ìrọ̀rí kò sọ nǹkan kan. Mo gbé etí lé ẹ̀wù ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó ṣì ń rùn ike, bákan náà ni. Fóònù tí mo fi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ti jí i mọ́ mi lọ́wọ́ lábẹ́ bíríìjì Sàǹgó. Díákónì kan ní ìjọ wa tí ìyàwó rẹ̀ ti kú wá ń bẹ̀ mí wò. Èèyàn dáadáa ni, ó máa ń ra máńgòrò wá. Ọjọ́ kan tó dì mọ́ mi láti bá mi kẹ́dùn, etí mi fara kan àyà rẹ̀, mo gbọ́ ọkàn rẹ̀. Gbì, gbì, gbì, gbì, ó ń lọ geerege. Ẹkún gbé mi. Ọkùnrin náà rò pé òun ṣẹ̀ mí ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé nítorí ọkàn rẹ̀ kò fò ni?

Ìgbà náà ni mo rántí pé lílù ọkàn Bàbá Tóbi ṣì wà láyé. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà! Mo wọṣọ, mo gba yunifásítì lọ. Sìkiọ́rítì tó wà lẹ́nu géètì ní, “Màdáámù, ta lẹ fẹ́ rí?” Mo ní ọkọ mi. Ó ní ẹ̀ka wo ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní kò ṣiṣẹ́ níbí, lílù ọkàn rẹ̀ ló wà níbí. Ó sún sẹ́yìn díẹ̀, mi ò dá a lẹ́bi. Ọlọ́run bá mi ṣe é, Dámilọ́lá ló ń kọjá, ó sáré wá kúnlẹ̀ kí mi, ó mú mi lọ sí ọ́fíìsì wọn. Mo sọ ohun tí mo bá wá. Ojú ọmọ náà yí padà. Ó ní, “Ìyá Tóbi, a ti yọ orúkọ gbogbo wọn. Ńṣe la pa ibi tí orúkọ wà rẹ́. Lílù ọkàn àwọn aláìsàn náà pọ̀ níbẹ̀, mi ò mọ èwo ni ti Bàbá Tóbi mọ́, mà. Ẹ má bínú.” Ohun tí wọ́n ṣe ìlérí rẹ̀ fún wa náà ni wọ́n ṣe. Mo ní ṣé kò sí ibi tí a ti lè gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n dá a mọ̀, ó ní gbogbo ohùn ni ẹ̀rọ ti yọ dà nù pẹ̀lú ariwo. Ẹ gbọ́ o! Ohùn ọkọ mi wà lára ariwo tí wọ́n dà nù. Èmi tí inú mi dùn sí i lọ́jọ́ náà!

Mo sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ máa ń fò. Ó mi orí, ó ní ọkàn púpọ̀ nínú wọn ló ń fò. Mo ti dìde, mo ti gbé báàgì mi, ńṣe ni Màmá ṣàdédé wá sí mi lọ́kàn, pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ń dán. Mo yíjú padà. Mo ní, “Àǹtí Dókítà, èyí tó máa ń dákẹ́ láràárọ̀ ńkọ́? Tí yóò dákẹ́ díẹ̀, tí yóò tún padà?” Ọmọ náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó jókòó. Ó ní, “Ha, Ìyá Tóbi! Arìnrìn-àjò!” Orúkọ tí òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ sọ lílù ọkàn kan nínú wọn nìyẹn, torí láràárọ̀ ló máa ń lọ, tó sì máa ń bọ̀. Wọ́n mọ̀ pé òróró ló ń fà á, àmọ́ nígbà tí orúkọ ti kúrò lára rẹ̀, kò wá sí i lọ́kàn pé òróró Màmá ni. Ó ní àwọn kan tiẹ̀ fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ náà, wọ́n ní ó ń da ìṣirò àwọn rú. Ọ̀gá wọn ló kọ̀, ó ní ìlú tí à ń ṣe ẹ̀rọ yìí fún nìyí, wọn ó gbàdúrà, wọn ó fi òróró pa aláìsàn, ẹ̀rọ tí kò bá lè fara da òróró kò lè gbé l'Ọ̀tà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá àtè mìíràn tí òróró kò lè ṣí, wọ́n sì yí ẹ̀rọ náà padà kí ó lè mọ ìyàtọ̀ láàárín pílásítà tó ṣí àti ọkàn tó dúró.

Kò kàn ṣí i fún mi bẹ́ẹ̀ o. Ó lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ náà lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Mo dúró, mo dúró, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Mo rán aṣọ akọrin kan lódì, mo gbé ọrùn rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Ìgbà tó yá ni ìpè dé. Wọ́n ní mo lè wá gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì wọn, ṣùgbọ́n mi ò lè mú un lọ sílé.

Dámilọ́lá gbé ẹ̀rọ agbóhùnjáde kékeré kan sórí tábìlì. Ó ní, “Ṣé kí n ṣí i, mà?” Mo sún àga mi mọ́ tábìlì. Ó ṣí i. Gbì, gbì, gbì. Ó dákẹ́. Gbì-gbì. Ẹ̀yin èèyàn mi! Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé orí lé tábìlì náà, tí mo gbé etí tì í, tí mo di ojú. Ọwọ́ mi ń wá bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ lórí pákó. Mo ní, “Bàbá Tóbi.” Ọmọ yẹn yíjú sí fèrèsé, mo gbọ́ ọ tó ń fọn imú. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ ni ọkàn mi ń sọ fún mi pé kì í ṣe èmi nìkan ló yẹ kí n gbọ́ èyí. Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n pe Màmá.” Dámilọ́lá wo ilẹ̀kùn ọ̀gá rẹ̀, ó tún wò mí, ó ní, “Ẹ pè wọ́n, mà.”

Màmá gbé fóònù ní Ìkirè. Mo ní, “Màmá, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ ṣáà fetí sílẹ̀.” Mo gbé fóònù ti ẹ̀rọ náà. Ó gbọ́ ọ díẹ̀, ó ní, “Ìyàwó mi, ta ló ń gún nǹkan lọ́dọ̀ yín?” Mo ní, “Àyà ọmọ yín ni, Màmá.” Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Ìgbà tó ṣe, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó rọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń jí ọmọ tó sùn. Ó ní, “Àjàní. Àjàní ọmọ mi. Ṣé ìwọ nìyẹn?” Ó ń pe oríkì rẹ̀, lílù náà ń dá a lóhùn, ó ń fò, ó ń padà, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kan náà, ó dákẹ́ pátápátá. Màmá pariwo, “Ó ti dákẹ́! Ìyàwó mi, ó ti dákẹ́!” Mo ní, “Màmá, ẹ má bẹ̀rù. Àárọ̀ ló mọ́ níbẹ̀. Òróró yín ni. Òróró yín la fi dá a mọ̀ láàárín gbogbo wọn. Ẹ dúró, ó ń bọ̀.” A dúró. Èmi ní Ọ̀tà, òun ní Ìkirè, a ò mí. Mo gbọ́ ọ tó ń ka àdúrà rẹ̀ àtijọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sínú fóònù. Ó ṣe àmín. Ó padà! Gbì, gbì, gbì, ó dákẹ́, gbì-gbì. Màmá bú sẹ́kún, ó ń pe, “Ó padà! Ó padà!” kí àwọn ará ilé wọn lè gbọ́. Mo ṣe àmì sí Dámilọ́lá kí ó pa á níbẹ̀, nígbà tó ṣì ń lù. Mi ò fẹ́ kí Màmá gbọ́ ti ọ̀sán ọjọ́ tó kú.

Dámilọ́lá ń múra àtilọ sí òkè òkun láti tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún mi pé mi ò lè máa wá. Lílù ọkàn náà tún ti di ohun tí kò lórúkọ nìyẹn. Mi ò bínú, ó ń ṣọ́ ọkọ àwọn ẹlòmíràn. Màmá wá sí Ọ̀tà lóṣù tó kọjá, ìgò òróró wà lọ́wọ́ rẹ̀. Díákónì náà ṣì ń ra máńgòrò wá, ó ti ní kí n fẹ́ òun, mi ò tíì mọ èsì tí mo fẹ́ fún un, ẹ bá mi dá sí i tí ọ̀rọ̀ bá wà lẹ́nu yín. Àmọ́ kí ẹ tó dá mi lóhùn, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹni tó wà nínú ilé pẹ̀lú yín yẹn, ọkọ ni o, aya ni o, ìyá ni o, ẹ lọ gbé etí lé e láyà báyìí tó jẹ́ pé ẹ ò nílò àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá bi yín pé kí lẹ ń wá níbẹ̀, ẹ ní kó sọ̀rọ̀, kó máa sọ̀rọ̀ lọ, ẹ má gbé etí yín kúrò.